Họ́sípìsì orí fóònù: kí ló túmọ̀ sí?

Họ́sípìsì ni ìtọ́jú ẹni tí àìsàn rẹ̀ ti kọjá ohun tí oògùn lè wò sàn, kí ìrora má bàa han án léèmọ̀ títí dé ọjọ́ tí yóò lọ. Wọn ò fi pa ènìyàn, dókítà ò sì tíì pa á tì. Cicely Saunders, dókítà ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, ló dá St Christopher's Hospice sílẹ̀ ní London ní 1967, ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ti kọ́ ọ. UCH Ìbàdàn náà ní ẹ̀ka tirẹ̀.

Ti orí fóònù wá ńkọ́? Ká ní bàbá yín wà ní Nyanya, lẹ́bàá Àbújá, jẹjẹrẹ ti wọ eegun wọn. Ká gbé wọn la sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ já, torí kí dókítà kàn lè béèrè bí wọ́n ṣe sùn, ìyà gidi ni. Nọ́ọ̀sì lè pè wọ́n lórí WhatsApp: "Bàbá, ẹ kú ìrọ́jú. Bí 0 bá jẹ́ kò dunni rárá, tí 10 sì jẹ́ èyí tó ju agbára lọ, mélòó lẹ máa fún ti òní?" Á ní kẹ́ ẹ gbé fóònù sún mọ́ àyà wọn kí òun lè ka èémí.

Ṣùgbọ́n fóònù ò ní ọwọ́. Ojú àti etí nọ́ọ̀sì ló dé ọ̀dọ̀ yín, ọwọ́ yín ni yóò ṣiṣẹ́. Nítorí náà, oògùn gbọ́dọ̀ ti wà nílé kí ilẹ̀ tó ṣú. Mọ́fíìnì olómi, oògùn ìrora tó lágbára, tí wọ́n sábà ń lò ní wákàtí mẹ́rin-mẹ́rin, kì í ṣe ohun tí kẹ́míìsì àdúgbò ń tà. Dókítà ló ń kọ ọ́. Kì í jẹ́ kéèyàn rí ìgbẹ́ yà, ẹ béèrè oògùn ìyẹn lọ́jọ́ kan náà. Bí èémí bá ń há wọn, ẹ gbé wọn jókòó, kẹ́ ẹ fi abẹ̀bẹ̀ fẹ́ wọn lójú. Ó ń ranni lọ́wọ́ gan-an.

Oúnjẹ ló le jù fún wa. Ara tó ń palẹ̀ mọ́ kì í béèrè ẹ̀kọ mọ́, èyí tẹ́ ẹ bá sì fipá fún wọn lè gba ọ̀nà ọ̀fun lọ síbi tí kò yẹ. Òwú tútù létè ti tó. Níbí ni mo ti fẹ́ràn fóònù jù: ẹ̀gbọ́n tó wà ní Ògbómọ̀ṣọ́, tó ń pariwo pé ẹ ń febi pa bàbá, lè wà lórí ìpè kan náà, kó gbọ́ ọ lẹ́nu nọ́ọ̀sì fúnra rẹ̀.

Àmọ́ bí ẹsẹ̀ wọn bá ṣàdédé kọ̀ láti gbé wọn, tàbí tí ìtọ̀ dúró, ẹ má dúró de ìpè fídíò. Ó lè jẹ́ pé jẹjẹrẹ ti ń tẹ ọ̀pá ẹ̀yìn. Ẹ gbé wọn lọ ọsibítù lọ́jọ́ náà gan-an.