Tí ọ̀gá bá jáde, kí ló ń ṣẹlẹ̀ sí iṣẹ́?

Àbúrò mi kan ní Àjàṣẹ́ ní Bẹ̀nẹ̀, tí ìjọba ń pè ní Porto-Novo, ni wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ fi ṣe olórí ènìyàn mẹ́fà ní ilé ìránṣọ kan lẹ́bàá ọjà Wàǹdó. Kò tíì pé oṣù méjì tó fi wá bá mi. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, gbogbo wọn ló ń pè mí ní patron, ìyẹn ọ̀gá lédè Faransé, ṣùgbọ́n kò sẹ́ni tó ń gbọ́ tèmi." Bí a ṣe jọ sọ ọ́ nìyí.

Ìbéèrè: Ṣé ọ̀gá àti aṣáájú kì í ṣe ọ̀kan náà ni?

Ìdáhùn: Rárá o. Ọjọ́ tí onílé iṣẹ́ bá ti kó kọ́kọ́rọ́ lé ẹ lọ́wọ́ lo ti di ọ̀gá, ì báà jẹ́ pé ẹnikẹ́ni ò fẹ́ rí ẹ sójú. Bí oyè ló rí: wọ́n fi jẹ ẹ́, wọ́n sì lè gbà á padà. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń ṣáájú gbọ́dọ̀ ní ẹni tó ń tẹ̀ lé e. Tó bá bojú wẹ̀yìn tí kò rí ẹnì kankan, a jẹ́ pé ṣe ló ń dá rìn kiri.

Ìbéèrè: Báwo ni mo ṣe máa mọ èyí tí mo jẹ́?

Ìdáhùn: Jáde kúrò nínú ṣọ́ọ̀bù.

Kì í ṣe àwàdà. Kurt Lewin, Júù kan tó kúrò ní Jámánì lọ sí Amẹ́ríkà nígbà tí Hitler gorí àlééfà, ṣe ìwádìí kan pẹ̀lú Ronald Lippitt àti Ralph White, wọ́n sì gbé e jáde ní 1939. Wọ́n kó àwọn ọmọkùnrin tí wọ́n tó ọmọ ọdún 10 jọ ní ẹgbẹ́ẹgbẹ́ pé kí wọ́n máa fọwọ́ ṣe nǹkan bí ìbòjú. Àgbàlagbà kan á máa pàṣẹ gbogbo nǹkan, òmíràn á máa bá àwọn ọmọ gbìmọ̀, ẹlòmíràn á kàn fi wọ́n sílẹ̀ kí wọ́n máa ṣe bó ṣe wù wọ́n. Ti àwọn tí wọ́n fi sílẹ̀ yìí ò dára rárá. Àmọ́ lábẹ́ aláṣẹ, iṣẹ́ ń lọ ní pẹrẹu níwọ̀n ìgbà tó bá wà ní yàrá. Kó sáà ti jáde báyìí, wọ́n á ti ju irinṣẹ́ sílẹ̀. Àìsí ńlé ológbò, ilé dilé èkúté. Àwọn tí wọ́n ń bá gbìmọ̀ kò dáwọ́ dúró ní tiwọn.

Ohun tó ń tan ọ̀gá jẹ nìyẹn, mi ò sì rò pé o mọ̀ ọ́n: ọ̀gá ò lè fojú ara rẹ̀ rí bí ṣọ́ọ̀bù ṣe ń rí nígbà tí kò sí níbẹ̀. Gbogbo ìgbà tó bá wò ó, òun náà wà níbẹ̀, ẹ̀rọ sì ń dún.

Ìbéèrè: Kí ló wá ń mú kí iṣẹ́ máa lọ lẹ́yìn ẹni?

Ìdáhùn: Nígbà tí mo ń kọ́ iṣẹ́, mo gé àǹkárá oníbàárà kan sódì. Ìyàwó ọ̀ṣìngín ló ni ín. Ọ̀gá mi ìgbà náà, ẹ̀rù ẹ̀ ń bà wá débi pé bí ó bá wúkọ́ níta, àwa nínú ilé á ti dìde. Mo ká aṣọ náà mọ́ra, mo tì í sábẹ́ tábìlì, mo sì ń gbàdúrà. Alẹ́ tí ìyàwó bọ̀ wá gba aṣọ ni ọ̀rọ̀ tú. Ká ní mo sọ ọ́ lọ́jọ́ tí mo gé e ni, a ṣì lè wá irú ẹ̀ rà lọ́jà.

Ọ̀gá kejì tí mo bá ṣiṣẹ́ yàtọ̀. Láràárọ̀ ni màmá yẹn máa ń bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú àṣìṣe tiẹ̀: "Lánàá, mo wọn èjìká ìyáàfin yẹn kù. Tìẹ ńkọ́?" Àwa náà á sì sọ tiwa.

Amy Edmondson, onímọ̀ ará Amẹ́ríkà, rí irú rẹ̀ láàárín àwọn nọ́ọ̀sì, ó sì kọ ọ́ jáde ní 1996. Ó rò pé àṣìṣe nípa oògùn á kéré níbi tí ìṣọ̀kan bá wà. Ohun tó bá níwèé ni pé àṣìṣe àwọn tó wà níṣọ̀kan ló pọ̀ jù. Nígbà tó wádìí ẹ̀ délẹ̀, ó jọ pé wọn ò ṣe àṣìṣe ju àwọn yòókù lọ. Ẹ̀rù ni kò bà wọ́n láti sọ ọ́. Torí náà, tí ẹnikẹ́ni ò bá wá fi ìròyìn burúkú tó ẹ létí láti ọjọ́ yìí, má yọ̀.

Ìbéèrè: Ṣé kí n máa bá wọn ṣeré ni?

Ìdáhùn: Ta ló ní kó o bá wọn ṣeré? San owó wọn lásìkò ná. Láti 2023, owó oṣù tó kéré jù lọ lábẹ́ òfin ní Bẹ̀nẹ̀ jẹ́ 52,000 sẹfá. Ẹni tó bá jẹ owó òṣìṣẹ́, kó yéé bá wọn sọ̀rọ̀ ìfẹ́. Iṣẹ́ ọ̀gá nìyẹn, ẹnì kan sì gbọ́dọ̀ ṣe é.

Ìbéèrè: Ọ̀kan nínú wọn fi ọdún mẹ́wàá jù mí lọ. Báwo ni mo ṣe máa rán an níṣẹ́?

Ìdáhùn: Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, mo sì mọ ohun tó ò ń ṣe. Tí o bá fẹ́ pàṣẹ fún un, o máa ń bọ́ sí Faransé. Ẹni tí o ń kí ní "ẹ káàárọ̀" láàárọ̀, tó bá di ọ̀sán, o ti ń pè é ní tu, ìyẹn "ìwọ" tí wọ́n ń pe ẹgbẹ́ ẹni tàbí ọmọdé. Àìmọye ọ̀dọ́ ọ̀gá l'Ájàṣẹ́ ló ń sá sẹ́yìn Faransé báyìí. Ẹ̀gbọ́n náà gbọ́ ọ, kò kàn fèsì ni.

Máa pè é ní ẹ̀gbọ́n. Ìwọ ni kó o kọ́kọ́ kí i. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá wa wo ọrùn aṣọ yìí" ò ní kí agbára ẹ kúrò lọ́wọ́ ẹ. Ìwé oníbàárà ṣì wà lọ́dọ̀ ẹ. Tó bá ṣe ohun tí kò tọ́, má ṣe sọ ọ́ níṣojú àwọn ọmọ iṣẹ́. Pè é sẹ́yìn ilé. Ọwọ́ ọmọdé ò tó pẹpẹ, tàgbà ò wọ kèrègbè.

Ìbéèrè: Kí ni kí n kọ́kọ́ ṣe?

Ìdáhùn: Lọ́jọ́ Sátidé, kó kọ́kọ́rọ́ lé ẹ̀gbọ́n yẹn lọ́wọ́, kó o lọ ra òwú ní Wàǹdó, má sì kánjú bọ̀. Tó o bá padà dé, má tíì béèrè èyí tó ti parí. Béèrè èyí tó bà jẹ́.