Àjọṣepọ̀ àwọn àjọ aláìlérè lórí ìtọ́jú àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ afiniṣòwò

Àjọṣepọ̀ àwọn àjọ aláìlérè lórí ìtọ́jú àwọn tó bọ́ lọ́wọ́ afiniṣòwò ni ètò tí àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba, tí wọn kò sì dá sílẹ̀ láti pa owó, fi ń pawọ́ pọ̀ láàárín ara wọn, tàbí pẹ̀lú ọlọ́pàá, ilé ìwòsàn, ẹ̀ka ìjọba àti iléeṣẹ́ aládàáni, láti ran ẹni tí wọ́n ti fi ṣòwò ẹrú rí lọ́wọ́ títí tí yóò fi lè dá dúró. Ohun tó mú kí àjọṣepọ̀ yìí pọn dandan ni pé ìṣòro ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bọ́ kì í dá rìn. Ẹni tí kò ní ibi tí yóò sùn lálẹ́ ọjọ́ náà lè ní àìsàn tí ẹnikẹ́ni kò tíì tọ́jú. Ìwé ìrìnnà rẹ̀ lè wà lọ́wọ́ ẹni tó kó o ṣẹrú. Wọ́n lè ti di gbèsè èké rù ú. Ó lè má gbọ́ èdè ìlú tó wà, kí ó sì máa bẹ̀rù pé wọn yóò ṣe àwọn ará ilé òun ní jàǹbá bí òun bá lanu sọ̀rọ̀. Àjọ tó ní ilé ààbò lè má ní agbẹjọ́rò, èyí tó ní agbẹjọ́rò sì lè má ní ẹni tó mọ ìtọ́jú ọgbẹ́ ọkàn. Kò sí àjọ kan tó lè dá gbogbo rẹ̀ ṣe.

Ìpìlẹ̀ nínú òfin

Ìwé òfin tí wọ́n ń tọ́ka sí jù lórí ọ̀rọ̀ yìí ni Ìlànà Palermo, tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé tẹ́wọ́ gbà ní ọjọ́ 15 oṣù Kọkànlá ọdún 2000, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ ní ọjọ́ 25 oṣù Kejìlá ọdún 2003. Gẹ́gẹ́ bí ìlànà náà ti wí, ìfiniṣòwò ni kí èèyàn fa ẹlòmíràn wọ iṣẹ́, kí ó gbé e láti ibì kan dé ibòmíràn, tàbí kí ó gbà á sílé, nípa ipá, ìhàlẹ̀, ẹ̀tàn tàbí ìrẹ́jẹ ẹni tí kò lágbára, kí ó lè kó o nífà. Bí ọ̀rọ̀ bá kan ọmọ tí kò tíì pé ọdún 18, kò di dandan kí wọ́n rí ẹ̀rí ipá tàbí ẹ̀tàn kí ó tó di ìfiniṣòwò.

Abala kẹfà ìlànà yìí dárúkọ àwọn àjọ tí kì í ṣe ti ìjọba gẹ́gẹ́ bí alábàáṣiṣẹ́ nínú pípèsè ibùgbé, ìmọ̀ràn, ìwòsàn, ẹ̀kọ́ àti iṣẹ́, ṣùgbọ́n ohun tí ó ní kí àwọn orílẹ̀-èdè ṣe kò ju pé kí wọ́n gbé ọ̀rọ̀ náà yẹ̀ wò lọ. Àlàfo ńlá ni èyí, nítorí níbi tí òfin kò bá ti de ìjọba, orí àwọn àjọ aláìlérè ni ẹrù náà ń já lé. Àdéhùn tí Ìgbìmọ̀ Ilẹ̀ Yúróòpù ṣe ní ọdún 2005 le jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ó sọ ìrànlọ́wọ́ di dandan. Ó ní kí wọ́n fún ẹni tí ẹ̀rí bá fi hàn pé ó ṣeé ṣe kí wọ́n ti fi ṣòwò ní ọjọ́ 30, ó kéré tán, láti sinmi kí ó sì ronú, láìlé e kúrò nílùú. Ó sì rọ àwọn ìjọba láti bá àwọn àjọ aráàlú dòwò pọ̀ lórí iṣẹ́ náà.

Ìṣirò tí ILO, ìyẹn àjọ àgbáyé tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́, àti àwọn alábàáṣiṣẹ́ rẹ̀ ṣe fún ọdún 2021 ni pé èèyàn mílíọ̀nù 27.6 ló wà nínú iṣẹ́ àfipáṣe lágbàáyé. Kì í ṣe gbogbo wọn ni òfin yóò kà sí ẹni tí wọ́n fi ṣòwò, síbẹ̀ iye àwọn tí ọwọ́ ìrànlọ́wọ́ ń tó lọ́dọọdún kéré gidigidi sí i.

Ẹjọ́ El Monte

Ìṣẹ̀lẹ̀ kan tó fi hàn bí irú àjọṣepọ̀ yìí ṣe lè bẹ̀rẹ̀ kí òfin tó dé ni ti El Monte, ní ìpínlẹ̀ California, lórílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Ní ọjọ́ 2 oṣù Kẹjọ ọdún 1995, àwọn òṣìṣẹ́ ìjọba ya wọ ọgbà ilé kan tí wọ́n fi wáyà abẹ yí ká, wọ́n sì bá òṣìṣẹ́ 72 tí wọ́n kó wá láti Thailand níbẹ̀. Obìnrin ni ọ̀pọ̀ nínú wọn; aṣọ ni wọ́n ń rán látàárọ̀ dòru lábẹ́ ìṣọ́, àwọn mìíràn sì ti lo ọdún mélòó kan láì jáde. Ibi tí wọ́n kọ́kọ́ gbé wọn lọ lẹ́yìn ìdáǹdè náà kì í ṣe ilé ààbò, àtìmọ́lé àwọn aṣọ́bodè ni, nítorí pé ojú ẹni tó rú òfin ìwọ̀lú ni wọ́n fi ń wò wọ́n.

Àwọn àjọ kéékèèké ní Los Angeles, tí Thai Community Development Center àti àwọn agbẹjọ́rò Asian Pacific American Legal Center wà lára wọn, ló takú pé àfi kí wọ́n tú wọn sílẹ̀. Nígbà tí wọ́n tú wọn sílẹ̀ tán, àwọn kan ń wá ilé, àwọn kan ń wá dókítà àti ògbufọ̀, àwọn agbẹjọ́rò sì pe àwọn iléeṣẹ́ aláṣọ tó ń jẹ èrè iṣẹ́ náà lẹ́jọ́. Julie Su, tí ó wá di adelé mínísítà fún ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́ ní Amẹ́ríkà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọdún, wà lára àwọn agbẹjọ́rò wọn. Owó tí àwọn òṣìṣẹ́ náà gbà nígbà tí wọ́n yanjú ẹjọ́ lé ní mílíọ̀nù 4 dọ́là. Láti inú ìrírí yìí ni wọ́n ti dá CAST, àjọ tó ń gbógun ti ìfiniṣòwò tó sì ń tọ́jú àwọn tó bọ́, sílẹ̀ ní Los Angeles ní ọdún 1998, ọdún méjì kí Amẹ́ríkà tó ṣe òfin tó dá físà T, ìyẹn ìwé àṣẹ láti dúró ní Amẹ́ríkà, sílẹ̀ fún àwọn tí wọ́n fi ṣòwò. Ó yẹ kí á kíyè sí bí ọ̀rọ̀ ṣe tẹ̀ léra: àwọn àjọ ti ń ṣe iṣẹ́ náà, wọ́n sì ti mọ ibi tí bàtà ti ń ta lẹ́sẹ̀, kí òfin tó wá bá wọn.

Bí iṣẹ́ ṣe ń lọ

Ní ọdún 2004, ODIHR, ẹ̀ka ẹ̀tọ́ ọmọnìyàn nínú àjọ ààbò ilẹ̀ Yúróòpù tí wọ́n ń pè ní OSCE, gbé ìwé ìtọ́sọ́nà kan jáde lórí ètò tí ẹ̀ka ìjọba àti àwọn àjọ aráàlú yóò máa gbà fi ẹni tí wọ́n fi ṣòwò lé ara wọn lọ́wọ́. Nínú irú ètò bẹ́ẹ̀, ẹni tó kọ́kọ́ fura, ì báà jẹ́ nọ́ọ̀sì, ọlọ́pàá tàbí òṣìṣẹ́ àjọ kan, mọ ẹni tí yóò pè. Ilé ààbò mọ dókítà tí yóò ṣe àyẹ̀wò. Agbẹjọ́rò sì mọ ìgbà tí iṣẹ́ tirẹ̀ bẹ̀rẹ̀. Ìwé àdéhùn ni wọ́n fi máa ń la ojúṣe kálukú sílẹ̀.

Ibi tó ṣòro jù nínú gbogbo rẹ̀ ni ọ̀rọ̀ àṣírí. Bí àjọ márùn-ún bá ń ran èèyàn kan lọ́wọ́, tí ọ̀kọ̀ọ̀kan sì ní kí ó sọ ohun tí ojú rẹ̀ rí láti ìbẹ̀rẹ̀, ìrànlọ́wọ́ náà á di ìyà mìíràn. Nítorí náà, àwọn àjọ tó gbọ́ṣẹ́ máa ń yan òṣìṣẹ́ kan tí yóò dúró ti onítọ̀hún jálẹ̀, tí yóò bá a lọ sí ọ́fíìsì gbogbo, tí yóò sì máa jíṣẹ́ fún àwọn yòókù pẹ̀lú ìyọ̀ǹda rẹ̀. Ìyọ̀ǹda yìí kì í ṣe ìbuwọ́lùwé lásán. Ó ní láti wà ní èdè tí ẹni náà gbọ́, kí ó sọ ọ̀rọ̀ tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́, ẹni tí wọ́n fẹ́ fi ránṣẹ́ sí àti ohun tí wọ́n fẹ́ fi í ṣe, kí ó sì yé e pé òun lè gba ọ̀rọ̀ òun padà lọ́la. Dókítà nílò láti mọ oògùn tí ẹnì kan ti lò; kò nílò orúkọ ẹni tó tà á. Agbẹjọ́rò nílò ọjọ́ àti ibi tí nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Èsì àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ lè má kàn án rárá. Àdírẹ́sì ilé ààbò kò gbọ́dọ̀ hàn nínú ìwé tó ń lọ láti ọ́fíìsì kan sí èkejì, nítorí àwọn tó kó èèyàn ṣẹrú máa ń wá a kiri.

Bí orílẹ̀-èdè kọ̀ọ̀kan ṣe gbé ètò náà kalẹ̀ yàtọ̀ síra. Ní England àti Wales, ìjọba gbé iṣẹ́ ìtọ́jú náà fún àjọ Salvation Army láti ọdún 2011, Salvation Army sì ń pín in fún àwọn àjọ mìíràn lábẹ́ àdéhùn. Ní Ítálì, abala 18 nínú òfin ìwọ̀lú ti ọdún 1998 fàyè gba ọ̀nà méjì sí ìwé ìgbélùú: ọ̀kan nípasẹ̀ ẹjọ́, èkejì nípasẹ̀ àwọn òṣìṣẹ́ afẹ́nifẹ́re tàbí àjọ tí ìjọba fọwọ́ sí, láìjẹ́ pé ẹni náà gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ fẹjọ́ sun ọlọ́pàá. Ọ̀nà kejì yìí fún àjọ aláìlérè ní agbára tí ó ṣọ̀wọ́n níbòmíràn, ó sì gba ẹni tí ẹ̀rù ṣì ń bà lọ́wọ́ pé kí ó máa fi ẹ̀rí ra ààbò.

Láti orílẹ̀-èdè kan sí òmíràn

Níwọ̀n bí àwọn afiniṣòwò kò ti ka ẹnubodè sí, àwọn àjọ náà ti ní alábàáṣiṣẹ́ ní ìlú tí èèyàn ti wá àti ìlú tí wọ́n gbé e lọ. GAATW, ìṣọ̀kan àwọn àjọ tó ń tako fífi obìnrin ṣòwò, bẹ̀rẹ̀ ní Thailand ní ọdún 1994, La Strada, àjọṣepọ̀ irú rẹ̀ ní ilẹ̀ Yúróòpù, sì bẹ̀rẹ̀ ní Netherlands, Poland àti Czech ní ọdún 1995. Talitha Kum, tí ó so àwọn obìnrin ẹlẹ́sìn nínú Ìjọ Kátólíìkì pọ̀, di àjọ àgbáyé ní ọdún 2009. Bí ẹnì kan bá fẹ́ padà sílé, àjọ tó wà níbi tó ń lọ ló lè wádìí bóyá ẹni tó tà á ṣì ń gbé ní àdúgbò náà, kí wọ́n tó ra tíkẹ́ẹ̀tì rárá.

Ní ọdún 1996, nígbà tí ọlọ́pàá kó ọ̀pọ̀ ọmọbìnrin kúrò nínú ilé aṣẹ́wó ní Mumbai, ìjọba Nepal lọ́ra láti gba àwọn ọmọ ilẹ̀ rẹ̀ tó wà láàárín wọn. Àwọn àjọ aláìlérè Nepal ló pawọ́ pọ̀ kó àwọn tó lé ní 100 bọ̀ wálé, tí wọ́n sì pín wọn sí ilé ààbò wọn. Àwọn kan lára àwọn ọmọbìnrin yìí ló dá àjọ Shakti Samuha sílẹ̀, àjọ tí àwọn tó ti inú ìfiniṣòwò bọ́ fúnra wọn ń darí, tí ó sì gba ẹ̀bùn Ramon Magsaysay, ẹ̀bùn ìyìn ńlá kan ní ilẹ̀ Éṣíà, ní ọdún 2013.

Iṣẹ́, owó àti àwọn ìṣòro

Ẹni tí kò níṣẹ́ lè tún padà sọ́wọ́ afiniṣòwò, nítorí náà àwọn àjọ kan ti fa iléeṣẹ́ aládàáni wọlé. Ètò Bright Future, tí àwọn oníṣòwò Co-op àti àjọ City Hearts bẹ̀rẹ̀ ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ní ọdún 2017, ń fún ẹni náà ní ọ̀sẹ̀ mẹ́rin lẹ́nu iṣẹ́ pẹ̀lú owó oṣù. Bí ó bá ṣe dáadáa tí àyè sì wà, wọ́n á gbà á síṣẹ́ pátápátá láìsí pé ó tún ń bá àwọn mìíràn du ipò náà.

Owó ni ìṣòro tó ń padà wá. Owó ìrànwọ́ sábà máa ń jẹ́ ti ọdún kan tàbí méjì, nígbà tí ọgbẹ́ ọkàn lè gba ọ̀pọ̀ ọdún kó tó jinná. Àwọn àjọ tó yẹ kí wọ́n ran ara wọn lọ́wọ́ sì tún ń du owó kan náà. Owó àkànṣe tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé dá sílẹ̀ ní ọdún 2010 fún àwọn tí wọ́n fi ṣòwò ń lọ tààrà sọ́dọ̀ àwọn àjọ tó ń ṣe iṣẹ́ náà, ṣùgbọ́n ẹ̀bùn àtinúwá ni wọ́n fi ń gbé e ró. Àwọn ọkùnrin kì í sábà rí ilé ààbò, nítorí pé obìnrin ni wọ́n kọ́ ọ̀pọ̀ wọn fún. Àwọn ilé ààbò kan sì ti ilẹ̀kùn mọ́ àwọn tó ń gbé ibẹ̀, wọ́n ní ààbò wọn làwọn ń rò, èyí tí àwọn tó mọ iṣẹ́ yìí takò, nítorí ẹni tí wọ́n ti tì mọ́lé rí kò nílò ẹlòmíràn tí yóò di kọ́kọ́rọ́ mú.

Láti ọdún 2021, ODIHR ti ní ìgbìmọ̀ kan tí àwọn tó bọ́ nínú ìfiniṣòwò nìkan jókòó nínú rẹ̀, Amẹ́ríkà sì ti fi òfin dá irú rẹ̀ sílẹ̀ ní ọdún 2015. Ohun tí àwọn tó ń ṣe irú iṣẹ́ ìmọ̀ràn bẹ́ẹ̀ máa ń béèrè lọ́wọ́ àwọn àjọ kò ṣòro: kí wọ́n san owó iṣẹ́ fún wọn bí wọ́n ṣe ń san án fún àwọn onímọ̀ yòókù, kí wọ́n má sì gbé àwòrán tàbí ìtàn wọn síta láti fi wá owó láìjẹ́ pé àwọn fúnra wọn yọ̀ǹda.