Ajinomoto kì í ṣe ọṣẹ, kì í sì í ṣe májèlé

Lọ́sẹ̀ Iléyá, mo ń dín ìrẹsì bí àwọn ará Ṣáínà ṣe ń dín in, nílé wa ní Ìjẹ̀bú-Òde: ìrẹsì àná, ẹyin, àlùbọ́sà eléwé, òróró díẹ̀. Bí mo ṣe na ọwọ́ sí Ajinomoto ni àǹtí mi di ọwọ́ mi mú. “Ṣé o fẹ́ pa wá ni? Ohun tí wọ́n fi ń fọ aṣọ!”

Láti Ìjẹ̀bú-Òde dé Ṣágámù, ẹni tí kò bá gbọ́ pé ó ń bó aṣọ á gbọ́ pé ó ń ba ọpọlọ jẹ́. Ó ń dùn mí, nítorí ìbẹ̀rù yìí ni kì í jẹ́ kí ọ̀pọ̀ ènìyàn gbìyànjú oúnjẹ Ṣáínà tàbí ti Japan nílé ìdáná ara wọn.

Ọ̀rọ̀ aṣọ kò le. Ó funfun, ó ń dán, ó jọ ọṣẹ ìfọṣọ lójú. Mo da epo pupa sára àkísà funfun méjì, mo rẹ ọ̀kan sínú omi lásán, mo rẹ èkejì sínú omi Ajinomoto mọ́jú. Epo kò kúrò lára ìkankan.

Ní 1908, ọ̀jọ̀gbọ́n Kikunae Ikeda ní Tokyo ń wá ohun tó ń mú omi ọbẹ̀ tí wọ́n fi kombu, ewéko inú òkun, sè dùn tó bẹ́ẹ̀. Adùn náà kì í ṣe ti iyọ̀ tàbí ti ṣúgà, kò kan, kò korò. Glutamate, ọ̀kan lára àwọn èròjà tó para pọ̀ di purotéènì, ló bá níbẹ̀, ó sì pe adùn náà ní umami. Nígbà tó fi di 1909, Ajinomoto, tí wọ́n fi glutamate yìí ṣe, ti dé ọjà. Glutamate wà nínú tòmátì tó pọ́n, nínú olú, àní nínú omi ọyàn ìyá.

Ó sì wà nínú irú. Ẹni tó bá ń ṣe irú mọ̀ pé bí wọ́n ṣe sè é tán, kò tíì ní òórùn, kò tíì ní adùn. Ìgbà tí wọ́n bá bò ó mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ mélòó kan ni àwọn bakitéríà á máa fọ́ purotéènì inú rẹ̀ sí wẹ́wẹ́, glutamate sì wà lára ohun tó ń tinú rẹ̀ jáde. Tọ́ ìkọ́kọrẹ́ tí wọn kò fi irú sí wò, wàá mọ ohun tí mò ń sọ. Ajinomoto òde òní náà, bakitéríà ló ń ṣe é: wọ́n á fún wọn ní oje ìrèké, àgbàdo tàbí sítáàṣì ẹ̀gẹ́ jẹ, àwọn bakitéríà náà á sì sọ ọ́ di glutamate. Ṣé àwa tí a ń dúró kí ẹ̀gẹ́ kan dáadáa kó tó di gàárì Ìjẹ̀bú ló yẹ kí èyí bà lẹ́rù?

Ní 1968, dókítà Robert Ho Man Kwok kọ lẹ́tà sí New England Journal of Medicine ní Amẹ́ríkà pé bí òun bá jẹun nílé oúnjẹ àwọn ará Ṣáínà, ẹ̀yìn ọrùn òun máa ń kú, àyà òun á sì máa lù. Ohun tó fà á kò dá a lójú. Ó dárúkọ ọtí ìsebẹ̀, iyọ̀ àti MSG, ìyẹn monosodium glutamate, tí í ṣe Ajinomoto gan-an. MSG nìkan ni aráyé gbá mú. Nígbà tí àwọn olùwádìí wá fún àwọn ènìyàn ní MSG jẹ láìjẹ́ kí wọ́n mọ ohun tó jẹ́, àwọn àmì náà kò tẹ̀lé e déédéé. Orí lè fọ́ àwọn kan díẹ̀ bí wọ́n bá gbé gíráàmù 3 mì láìjẹun, ṣùgbọ́n èyí tí wọ́n ń fi sí oúnjẹ àwo kan kì í sábà tó ìdajì gíráàmù. Ní 1987, ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ ti FAO, àjọ àgbáyé fún oúnjẹ, àti WHO, àjọ àgbáyé fún ìlera, yẹ̀ ẹ́ wò, wọn kò rí ìdí láti fi òdiwọ̀n sí iye tí ènìyàn lè jẹ lóòjọ́.

Sodium, èròjà inú iyọ̀ tó lè mú ẹ̀jẹ̀ ru, wà nínú Ajinomoto lóòótọ́, bí ìdá 12 nínú 100. Ti iyọ̀ tó 39. Kí ẹni tó ní ẹ̀jẹ̀ ríru ka méjèèjì pọ̀. Kó sì ka ti mágí mọ́ ọn, torí nígbà tí mo yí páálí mágí tí àǹtí mi rà wá padà, monosodium glutamate ni wọ́n kọ sẹ́yìn rẹ̀.

Bí ọkàn yín kò bá ṣì gbà á, ẹ lo irú. Mapo tofu, ọbẹ̀ wàrà sóyà aláta ti Sichuan ní Ṣáínà, máa ń fẹ́ douchi, ẹ̀wà sóyà dúdú tí wọ́n bò títí ó fi kan. N kì í rí i rà ní ọjà Òkè-Ajé, nítorí náà irú wooro ni mò ń lò, ṣíbí kékeré kan, tí mo bá ti da ata sínú òróró gbígbóná tán.