APOL1 àti àìsàn kíndìnrín

APOL1 ni orúkọ jíìnì kan, ohun tí à ń jogún lọ́wọ́ òbí, tó wà lára ọmọ ènìyàn. Méjì nínú àwọn ẹ̀dà rẹ̀, G1 àti G2, ń dá kún bí kíndìnrín ṣe ń bàjẹ́ lára àwọn tí ìran wọn ti Áfíríkà wá, pàápàá Ìwọ̀-Oòrùn Áfíríkà. G1 pọ̀ gan-an láàárín Yorùbá: nínú ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n gbà ní Ìbàdàn fún ìwádìí, nǹkan bí 40 nínú 100 jíìnì náà ló jẹ́ G1. Wọn kò rí i lára àwọn ará Yúróòpù, Ṣáínà àti Japan tí wọ́n yẹ̀ wò.

Iṣẹ́ tí jíìnì yìí ń ṣe nínú ẹ̀jẹ̀ kò kan kíndìnrín rárá. Ó ń pèsè purotéènì kan tó ń pa trypanosoma, kòkòrò àìfojúrí tí eṣinṣin tsetse máa ń fi sí ènìyàn lára bó bá ti jẹ ẹ́, tí ó sì ń fa àrùn oorun. Bí kòkòrò náà bá gbé purotéènì yìí mì, yóò lu ú níhò láti inú. Omi á ya wọlé, kòkòrò á wú títí á fi bẹ́. Ṣùgbọ́n irú kòkòrò kan wà ní Ìlà-Oòrùn Áfíríkà tó ti mọ ọgbọ́n tó ń dá sí i: ó ní ohun kan lára tó ń gbá APOL1 mú kó tó ṣiṣẹ́. Ara G1 àti G2 ti yí padà débi pé ọwọ́ kòkòrò náà kò lè tẹ̀ wọ́n dáadáa mọ́. Ẹni tó bá mọ ọ̀rọ̀ jínótáìpù AS yóò rí i pé ọ̀rọ̀ náà jọra. Ohun tó gba àwọn baba ńlá lọ́wọ́ ibà ló ń di fòníkú-fọ̀ladìde bí ọmọ bá gbà á lọ́wọ́ baba, tó tún gbà á lọ́wọ́ ìyá.

Amẹ́ríkà ni ìwádìí náà ti bẹ̀rẹ̀. Nǹkan bí 13 nínú 100 ará ibẹ̀ ni aláwọ̀ dúdú, síbẹ̀ àwọn nìkan tó bí ìdá kan nínú mẹ́ta àwọn tí kíndìnrín wọn ti dáṣẹ́ sílẹ̀. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti ìṣẹ́ ni wọ́n ń di ẹ̀bi rẹ̀ rù fún ọ̀pọ̀ ọdún. Ní 2008, wọ́n fura sí jíìnì kan tó ń jẹ́ MYH9. Ní 2010 ni ikọ̀ ìwádìí méjì, ọ̀kan ní Boston pẹ̀lú àwọn ará Brussels, èkejì ní Haifa ní orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì, fi hàn pé APOL1, tó múlé ti MYH9 gbágbáágbá, ni ọ̀daràn gan-an. Ẹ̀jẹ̀ Yorùbá wà lára ohun tó là wọ́n lójú. Ìdílé 30 ní Ìbàdàn, baba, ìyá àti ọmọ kọ̀ọ̀kan, ti fi ẹ̀jẹ̀ wọn sílẹ̀ fún iṣẹ́ ìwádìí àgbáyé kan tó ń jẹ́ HapMap. Ó yẹ kí a máa rántí àwọn 90 ènìyàn yìí nígbàkigbà tí a bá ń sọ ìtàn APOL1.

Kíndìnrín ń sẹ́ ẹ̀jẹ̀ bí ìgbà tí ènìyàn bá ń sẹ́ ògì, àmọ́ tirẹ̀ yàtọ̀: ohun tó wúlò ló ń kù lórí asẹ́, ìdọ̀tí ló ń bá omi lọ di ìtọ̀. Asẹ́ yìí gan-an ni G1 àti G2 ń bàjẹ́. Purotéènì á wá máa jò sínú ìtọ̀, ìtọ̀ náà á máa hó bí omi ọṣẹ, ìfófòó rẹ̀ kò sì ní tètè lọ. Tó bá yá, ojú á máa wú láàárọ̀, ẹsẹ̀ á wú tó bẹ́ẹ̀ tí ojú ibi tí a fi àtàǹpàkò tẹ̀ á jìn kòtò. Ọ̀pọ̀ ènìyàn kì í rí àmì kankan títí kíndìnrín yóò fi bàjẹ́ tán.

Ọ̀pọ̀lọpọ̀ ẹni tó gba ẹ̀dà méjì, ìbáà jẹ́ G1 tàbí G2, ọ̀kan lọ́wọ́ baba, ọ̀kan lọ́wọ́ ìyá, ni kíndìnrín wọn kò ní yọ wọ́n lẹ́nu láéláé. Kí àìsàn náà tó bẹ̀rẹ̀, nǹkan mìíràn ló sábà máa ń tì í. HIV ló burú jù nínú wọn: láàárín àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, ewu àìsàn kíndìnrín tí HIV ń fà fi nǹkan bí ìlọ́po 29 ga lára ẹni tó ní ẹ̀dà méjì.

Ní 2024, Rasheed Gbádégeṣin ti Yunifásítì Duke àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Nàìjíríà àti Gánà gbé àbájáde ìwádìí kan jáde lórí ènìyàn 8,355. Nǹkan bí mẹ́ta nínú mẹ́wàá wọn ló ní ẹ̀dà méjì. Ewu àìsàn kíndìnrín fi ìdá 25 nínú 100 ga lára àwọn wọ̀nyí ju ti àwọn tó kù lọ. Èyí tó ya àwọn onímọ̀ lẹ́nu ni pé ó fi ìdá 18 nínú 100 ga lára ẹni tó ní ẹyọ kan péré ju ti ẹni tí kò ní rárá lọ, bẹ́ẹ̀ wọ́n ti gbà tẹ́lẹ̀ pé ẹyọ kan kò lè ṣe nǹkan kan.

Bí kíndìnrín bá ti kú tán, fífọ ẹ̀jẹ̀ tí a ń pè ní dáyálísíìsì ló kù, tàbí kí wọ́n pààrọ̀ rẹ̀. Ìfọ̀ kan ń gba nǹkan bí wákàtí mẹ́rin, ẹ̀ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ ló sì yẹ. Ní oṣù Ọ́gọ́ọ̀sì 2025, ìjọba àpapọ̀ Nàìjíríà kéde pé ìfọ̀ kan yóò wálẹ̀ láti náírà 50,000 sí 12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba kan. Ìrànlọ́wọ́ ńlá ni. Síbẹ̀, ìfọ̀ méjìlá lóṣù yóò jẹ́ 144,000, nígbà tí owó oṣù tó kéré jù lábẹ́ òfin jẹ́ 70,000.

Oògùn tó dojú kọ APOL1 gan-an ti wà lẹ́nu ìdánwò. Èyí tó ń jẹ́ inaxaplin dín purotéènì inú ìtọ̀ kù ní ìdá 47.6 nínú 100 láàárín ọ̀sẹ̀ 13, gẹ́gẹ́ bí àbájáde 2023 lára ènìyàn 13 ṣe fi hàn.

Ọ̀rọ̀ pípààrọ̀ kíndìnrín ló tún tan ìmọ́lẹ̀ sí i. Kíndìnrín tó wá láti ara ẹni tó ní ẹ̀dà méjì kì í sábà pẹ́ lára ẹni tí wọ́n fi sí tó àwọn kíndìnrín mìíràn, ṣùgbọ́n jíìnì ẹni tó gbà á kò fi bẹ́ẹ̀ nípa lórí rẹ̀. Èyí fi hàn pé APOL1 tó ń rìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀ kọ́ ló ń ṣe ọṣẹ́ náà. Èyí tí kíndìnrín ń ṣe fúnra rẹ̀ ni.