Ọdún ẹ̀yẹ: ohun tó yẹ ká máa pe 969 Metusela

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ máa ń kọ "ọjọ́ orí sìmbólíìkì" sábẹ́ Jẹ́nẹ́sísì orí 5, níbi tí Metusela ti lo 969 ọdún láyé, láti fi sọ pé iye náà ní ìtumọ̀ tiẹ̀, kì í ṣe pé wọ́n ka ọdún náà lọ́kọ̀ọ̀kan, ẹ jọ̀ọ́, ta lẹ̀ ń kọ ọ́ fún gan-an? Ìyá ìjọ kò mọ sìmbólíìkì. "Ọjọ́ orí àròsọ" táwọn kan tún gbé dé ló wá burú jù, àròsọ ti sún mọ́ irọ́ jù lẹ́nu wa, tó o bá fi lè sọ ọ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì ìjà ti dé nìyẹn, kò sẹ́ni tó máa gbọ́ ìyókù. "Ọdún iyì" ńkọ́? Ọjà náà ń níyì, mọ́tò ń níyì. Ọdún ẹ̀yẹ lèmi ń pè é, mi ò sì ní yí i padà, torí èèyàn la máa ń yẹ́ sí, àgbà pàápàá, tó bá tún kú a ṣe ẹ̀yẹ ìkẹyìn fún un, kò sì sẹ́ni tó ń pe ìyẹn ní irọ́.

Ẹ wo pósítà òkú àgbà ládùúgbò yín. Màmá kò ní ìwé ìbí, wọ́n ṣáà mọ̀ pé ó ti ń pọnmi nígbà tí ogun Hitler bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ jókòó, àbúrò ní ká kọ 94, ẹ̀gbọ́n ní ẹ gbẹ́nu dákẹ́, ẹ kọ 105. Wọ́n kọ 105 gàdàgbà sábẹ́ gèlè màmá. Gbogbo ẹni tó kà á ló yé, pé ìyá yìí dàgbà, ó sì rí ọmọ-ọmọ.

Bẹ́ẹ̀ náà ni ti orí 5 yẹn. Ẹ kọ ọdún tí kálukú bímọ sílẹ̀, èyí tó tún lò lẹ́yìn ẹ̀ àti àròpọ̀ wọn, nọ́ńbà 28 ni gbogbo ẹ̀, 0, 2, 5 tàbí 7 ni gbogbo wọn fi parí, àfi 969 Metusela nìkan. Enoku lo 365, iye ọjọ́ inú ọdún. Lameki lo 777. Josefu kú sí Íjíbítì ní 110, ọjọ́ orí táwọn ará Íjíbítì àtijọ́ gan-an máa ń tọrọ. Àwọn Sùmẹ́ríà, ará ilẹ̀ Ìráàkì àtijọ́, tiẹ̀ fún Alulim ọba ìlú wọn Eridu ní 28,800 ọdún lórí oyè, ìyẹn 3,600 lọ́nà mẹ́jọ, torí 60 ni wọ́n fi ń ṣírò, 60 lọ́nà 60 ló sì ń jẹ́ 3,600. Ọmọ àná ni Metusela lọ́dọ̀ tiwọn.

Àwọn tó ní oṣù ni wọ́n ń pè lọ́dún ló ń bí mi nínú. Lóòótọ́ tẹ́ ẹ bá fi 12 pín 969 ẹ máa rí 80 àti díẹ̀, ó dùn, ó yá ẹ pín ti Enoku tó jẹ́ ẹni 65 nígbà tó bí Metusela: ọmọ ọdún márùn-ún àti oṣù márùn-ún ló bímọ yẹn o! Ìkún omi náà ka oṣù kejì, ìkeje, ìkẹwàá nínú ọdún 600 Noa, oṣù wo ló tún wà nínú oṣù? Augustine, bíṣọ́ọ̀bù ìlú Hippo ní Àríwá Áfíríkà, ti bá irú wọn fà á ní nǹkan bí 1,600 ọdún sẹ́yìn, àwọn tìgbà tiẹ̀ ń fi 10 pín in ni.

Ẹni tó gbà pé wọ́n lò ó pé pérépéré, mi ò bá a jà, Ọlọ́run lè ṣe é. Kó ṣáà sọ ibi tí 1, 3, 4, 6 àti 8 wọlé sí fún mi, tí ọ̀kankan nínú nọ́ńbà 28 yẹn kò fi wọ́n parí.