Ẹ̀jẹ̀ inú iṣan àbọ̀ ni ẹ̀rọ MRI ń wò, kì í ṣe èrò ọkàn

Àwọn kan gbà pé ẹ̀rọ MRI (ẹ̀rọ tó ń fi òòfà ńlá ya àwòrán inú ara) tí wọ́n fi ń wo iṣẹ́ ọpọlọ máa ń rí èrò ọkàn. Kò rí bẹ́ẹ̀ rárá. Ẹ̀jẹ̀ tó ń kúrò níbi tí ọpọlọ ti ń ṣiṣẹ́ ló ń wò, pàápàá èyí tó wà nínú iṣan àbọ̀, ìyẹn iṣan tó ń dá ẹ̀jẹ̀ padà láti ọpọlọ, àti àwọn iṣan tín-ín-rín tó ń ṣàn sínú rẹ̀. Ẹni tó bá gbàgbé èyí, àwòrán náà á ṣì í lọ́nà.

Irin inú ẹ̀jẹ̀ ni gbogbo rẹ̀ dúró lé. Hẹmoglóbìn ni èròjà pupa tó ń gbé ọ́síjìn kiri nínú ẹ̀jẹ̀. Ọ̀kọ̀ọ̀kan rẹ̀ ní irin mẹ́rin, ara irin yìí sì ni ọ́síjìn ń lẹ̀ mọ́. Ní 1936, àwọn onímọ̀ kẹ́míkà Linus Pauling àti Charles Coryell rí i pé òòfà kì í fa ẹ̀jẹ̀ tí ọ́síjìn wà lára rẹ̀, ṣùgbọ́n bí ọ́síjìn bá ti kúrò, òòfà á máa fà á. Irú ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ máa ń da agbára òòfà rú ní àyíká iṣan tó bá wà, àmì tí omi inú ọpọlọ ń fún ẹ̀rọ á sì tètè kú. Onímọ̀ sáyẹ́ǹsì Seiji Ogawa àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí hàn nínú ọpọlọ eku ní 1990. Nígbà tó di 1992, wọ́n ti rí i nínú ọpọlọ ènìyàn.

Èèyàn á rò pé bí ọpọlọ bá ń ṣiṣẹ́, ọ́síjìn inú iṣan àbọ̀ á dín kù. Ńṣe ló máa ń pọ̀ sí i. Ó dà bí ìyá ilé kan ní Ìjẹ̀bú-Òde lọ́jọ́ Ojúde Ọba: àlejò mẹ́wàá ló ń bọ̀, ìkọ́kọrẹ́ ogún ènìyàn ló máa sè. Àwọn àlejò á jẹun yó, ohun tó máa ṣẹ́ kù nínú ìkòkò á sì pọ̀ ju ti ọjọ́ lásán lọ. Bí ọpọlọ náà ṣe ń ṣe nìyẹn. Iṣan àlọ, tó ń gbé ẹ̀jẹ̀ wá sí ọpọlọ, á fẹ̀, ẹ̀jẹ̀ tuntun á rọ́ wọlé ju ohun tí sẹ́ẹ̀lì máa lò lọ. Nígbà ìsinmi, ọ́síjìn kún ẹ̀jẹ̀ inú iṣan àlọ dé nǹkan bíi 98 nínú 100, ti iṣan àbọ̀ ọpọlọ sì wà ní nǹkan bíi 60 sí 70. Iṣẹ́ ló ń gbé ti iṣan àbọ̀ yìí sókè, ìdàrú á wá dín kù, àmì á sì lágbára sí i. Ìyàtọ̀ náà kéré púpọ̀, kì í sábà ju 1 sí 5 nínú 100 lọ.

Lórí ẹ̀rọ tí agbára òòfà rẹ̀ jẹ́ tesla 3, wọ́n máa ń gba àmì ní nǹkan bí 30 nínú 1,000 ìṣẹ́jú àáyá kan lẹ́yìn tí ẹ̀rọ bá ti ta ìgbì rédíò sí ọpọlọ. Wọ́n á ya odindi ọpọlọ ní ìṣẹ́jú àáyá méjì méjì, ní kúbù kéékèèké tí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó mílímítà 3. Aláìsàn á gbọ́ ọ létí pé: "Ẹ máa fi àtàǹpàkò kan àwọn ìka yòókù lọ́kọ̀ọ̀kan." Lẹ́yìn ìṣẹ́jú àáyá 20 tàbí 30: "Ẹ sinmi." Wọ́n á tún un ṣe fún nǹkan bí ìṣẹ́jú márùn-ún, àwòrán 150 nìyẹn. Ẹ̀jẹ̀ kì í yára bí sẹ́ẹ̀lì. Ó máa ń gbà tó ìṣẹ́jú àáyá kan sí méjì kí àmì tó bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè, á dé òkè ní bíi 5 sí 6, á sì rọlẹ̀ kọjá ibi tó ti bẹ̀rẹ̀ kó tó padà dúró. Ìṣirò tí kò bá ka ìdádúró yìí sí á pàdánù àmì náà.

Bó bá jẹ́ ibi ọ̀rọ̀ sísọ ni wọ́n ń wá kí wọ́n tó ṣiṣẹ́ abẹ fún ìyá kan láti Ìjẹ̀bú-Igbó, èdè tó ń sọ nílé ni kí wọ́n fi dán an wò. Kí wọ́n ní kó máa ka orúkọ nǹkan ọbẹ̀ nínú ọkàn rẹ̀, láìla ẹnu, torí àgbọ̀n tó ń mì á mi orí.

Orí tó mì ló ń ba iṣẹ́ yìí jẹ́ jù. Mílímítà méjì péré ti tó láti da kúbù kan pọ̀ mọ́ èkejì, nítorí náà ni wọ́n ṣe ń fi fóòmù há orí. Píìnì irun àti ìlẹ̀kẹ̀ onírin gbọ́dọ̀ kúrò pátápátá. Afẹ́fẹ́ inú imú àti etí máa ń sọ apá ọpọlọ tó sún mọ́ wọn di dúdú. Ẹni tó bá sé èémí, gbogbo ọpọlọ rẹ̀ á tàn bí ẹni pé ó ń ṣiṣẹ́, bẹ́ẹ̀ ó kàn jẹ́ pé carbon dioxide (afẹ́fẹ́ tí à ń mí síta) tó pọ̀ nínú ẹ̀jẹ̀ ló fẹ iṣan. Kọfí ní tirẹ̀ máa ń fún iṣan pọ̀.

Ọ̀kan wà tó yẹ ká fún ní àkíyèsí gidi ní ilẹ̀ wa: àìsàn fòníkú-fọ̀ladìde. Bí PCV (ìwọ̀n sẹ́ẹ̀lì pupa tó wà nínú ẹ̀jẹ̀) bá lọ sílẹ̀, ẹ̀jẹ̀ ti ń ya lọ sí ọpọlọ púpọ̀ kí iṣẹ́ tó bẹ̀rẹ̀, irin tó lè da òòfà rú kò sì pọ̀. Àmì á kéré. Kò túmọ̀ sí pé ọpọlọ kò ṣiṣẹ́, ó sì yẹ kí ẹni tó ń ka àwòrán mọ iye PCV náà kó tó sọ̀rọ̀.

Iṣan àbọ̀ ńlá ló tún kù. Níbi tí wọ́n ti ń fi jákì fún ẹ̀gẹ́ fún gààrí, omi funfun máa ń ṣàn sínú gọ́tà. Ẹni tó dúró nísàlẹ̀ àdúgbò á mọ̀ pé wọ́n ń fún ẹ̀gẹ́ lókè, kò ní mọ agbolé wo. Iṣan ńlá ń kó ẹ̀jẹ̀ jọ láti ibi púpọ̀, nítorí náà àmì tó mọ́lẹ̀ jù lè wà ní mílímítà mélòó kan sí ibi tí iṣẹ́ ti ń lọ gan-an. Àmì tó bá ga jù, tó sì pẹ́ kó tó dé òkè, iṣan ńlá ni kí wọ́n kọ́kọ́ fura sí. Wọ́n á ya àwòrán iṣan àbọ̀ lọ́tọ̀, wọ́n á gbé e lé ti iṣẹ́ lórí, dókítà oníṣẹ́ abẹ á sì wo méjèèjì pọ̀ kó tó sàmì sí ibi tí ọ̀bẹ kò gbọ́dọ̀ dé.