Bí Odi Ticonderoga Ṣe ń Ṣọ́ Ọ̀nà Omi Kánádà

Ní ọ̀rúndún kejìdínlógún, igbó kìjikìji ló bo ilẹ̀ tó wà láàárín New York tí Gẹ̀ẹ́sì ń ṣàkóso àti Montreal tó wà lọ́wọ́ Faransé. Kò sí títì tí ọmọ ogun lè kó àgbá àti oúnjẹ gbà. Ojú omi nìkan ni ọ̀nà: odò Hudson láti gúúsù, ìrìn ilẹ̀ díẹ̀, Adágún George, Adágún Champlain, lẹ́yìn náà odò Richelieu tó ń ṣàn lọ bá odò St. Lawrence ní Kánádà. Àwọn Mohawk, àwọn Abenaki àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ti ń tọ ọ̀nà yìí kí òyìnbó tó débẹ̀. Ní ọdún 1609 tí Samuel de Champlain, arìnrìn-àjò ará Faransé, gba ibẹ̀ kọjá, àwọn ọmọ ilẹ̀ náà ló mú un lọ.

Ibì kan wà lójú ọ̀nà yìí tí kò sẹ́ni tó lè yà á sílẹ̀. Odò kékeré kan tó ń jẹ́ La Chute ló ń gbé omi Adágún George lọ sínú Adágún Champlain. Kò gùn ju bíi máìlì 3.5 lọ, ṣùgbọ́n ó fi ohun tó lé ní 200 ẹsẹ̀ bàtà sọ̀ kalẹ̀, orí àpáta ló sì ń já sí. Ọkọ̀ kò lè tọ̀ ọ́ délẹ̀. Ẹrù gbọ́dọ̀ kúrò nínú omi, kí wọ́n rù ú tàbí kí wọ́n wọ́ ọ gba orí ilẹ̀, kí wọ́n tó tún kó o sínú ọkọ̀ nísàlẹ̀. Ìsàlẹ̀ yẹn ni Ticonderoga wà. Ẹni tó bá sì gba South Bay, ìyẹn apá gúúsù Adágún Champlain, yẹ Adágún George sílẹ̀, ẹ̀bá Ticonderoga yìí kan náà ni yóò gbà kọjá, níbi tí adágún ti há débi pé ọta àgbá ń dé bèbè kejì.

Ìdí nìyí tí odi níbẹ̀ fi dà bí oníbodè. Ọmọ ogun lè fẹsẹ̀ rìn gba inú igbó yí odi ká, ṣùgbọ́n oúnjẹ àti ẹ̀tù wọn kò lè bá wọn gba igbó. Inú ọkọ̀ ni nǹkan wọ̀nyí ń bá wọn bọ̀ lójoojúmọ́. Bí wọ́n bá fi odi sílẹ̀ lẹ́yìn, àgbá inú rẹ̀ yóò dínà oúnjẹ, ebi yóò sì lé wọn padà. Wọ́n ní láti gbà á, tàbí kí wọ́n padà sílé. Lọ́wọ́ ẹni tó ni ín, odi náà tún jẹ́ ibi ìkẹ́rùsí àti ibi tí ogun ti ń gbéra. Láti ibẹ̀ ni Montcalm, ọ̀gágun Faransé, ti lọ gba Fort William Henry lọ́wọ́ Gẹ̀ẹ́sì ní oṣù Kẹjọ ọdún 1757.

Faransé bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ọ ní oṣù Kẹwàá ọdún 1755, lẹ́yìn tí Gẹ̀ẹ́sì ti ṣẹ́gun wọn lẹ́bàá Adágún George. Carillon ni wọ́n pè é. Michel Chartier de Lotbinière, ẹnjiníà tí wọ́n bí ní Kánádà, ló ṣètò rẹ̀. Igun mẹ́rin tó yọ ṣóńṣó síta ló ní. Ẹni tó bá dúró ní igun kan lè yìnbọn gba ẹ̀gbẹ́ ògiri lọ, kò sì ní sí ibi tí ọ̀tá lè sá pamọ́ sí nídìí ògiri náà. Ìtì igi ni wọ́n kọ́kọ́ fi tò ó, tí wọ́n rọ erùpẹ̀ sáàárín, torí erùpẹ̀ máa ń gbé ọta àgbá mì. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi òkúta bò ó lójú. Ṣùgbọ́n ó kéré. Ilé inú rẹ̀ kò gbà ju bíi 400 ọmọ ogun lọ, ó sì jìnnà díẹ̀ sí etí omi débi pé wọ́n ní láti kọ́ odi kékeré mìíràn síwájú.

Kíkéré yìí ló ṣàlàyé ohun tó ṣẹlẹ̀ ní ọjọ́ 8 oṣù Keje ọdún 1758. Ọ̀gágun James Abercromby kó bíi 16,000 ọmọ ogun dé láti orí Adágún George. Montcalm kò ní ju bíi 3,600 lọ, oúnjẹ rẹ̀ kò sì lè pẹ́. Ó mọ̀ pé bí òun bá há gbogbo wọn mọ́ inú odi, ibẹ̀ ni àgbá Gẹ̀ẹ́sì yóò ti pa wọ́n tán. Ó kó wọn jáde lọ sórí ilẹ̀ gíga tó wà níwájú odi, tí kò tó máìlì kan sí i. Kò ju ọjọ́ méjì lọ tí wọ́n fi to ìtì igi ṣe ògiri, tí wọ́n da igi ẹlẹ́ka síwájú rẹ̀, tí wọ́n sì gbẹ́ ẹnu àwọn ẹ̀ka náà ṣóńṣó kọjú sí ọ̀tá.

Àgbá ì bá fọ́ ògiri igi yẹn túútúú, Abercromby sì ní àgbá. Ẹ̀yìn lọ́hùn-ún ni púpọ̀ nínú wọn wà. Ẹnjiníà rẹ̀ gun ẹ̀gbẹ́ òkè kan, ó wo iṣẹ́ Faransé láti òkèèrè, ó sì sọ pé àwọn ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà á. Abercromby tún ti gbọ́ pé ìrànlọ́wọ́ ń bọ̀ wá bá Montcalm, ó sì ń kánjú. Láti ọ̀sán títí di ìrọ̀lẹ́ ni wọ́n ń rọ́ lu ẹ̀ka igi wọ̀nyẹn lẹ́ẹ̀kan lẹ́ẹ̀kan sí i, tí ìbọn ń kó wọn. Àwọn bíi 2,000 ló kú tàbí fara gbọgbẹ́. Faransé kò pàdánù tó 600. Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ogun Scotland kejìlélógójì, ó lé ní ìdajì tó ṣubú. Òfò tó dunni gan-an ni, torí ọjọ́ díẹ̀ sí i, àgbá ì bá ti dé.

Ní ọdún kejì, Jeffery Amherst, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì mìíràn, wá pẹ̀lú bíi 11,000 ọmọ ogun, ó sì fara balẹ̀ gbé àgbá tirẹ̀ sún mọ́ odi. Faransé ti dín ọmọ ogun kù níbẹ̀ sí 400, wọ́n ń gbèrò àtidáàbò bo inú Kánádà. Ní òru ọjọ́ 26 oṣù Keje ọdún 1759, wọ́n finá sí ẹ̀tù, wọ́n sì sá lọ.

Nígbà tí Gẹ̀ẹ́sì gba gbogbo Kánádà, ibodè kò wúlò mọ́, torí ọwọ́ ẹnì kan náà ni ìhà méjèèjì wà. Odi náà ń bàjẹ́ lọ. Ní àárọ̀ kùtù ọjọ́ 10 oṣù Karùn-ún ọdún 1775, nígbà tí àwọn ará Amẹ́ríkà ti dìde ogun sí Gẹ̀ẹ́sì tó ń ṣàkóso wọn, Ethan Allen àti Benedict Arnold tí wọ́n jẹ́ ará Amẹ́ríkà wọlé bá bíi 50 ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì, wọ́n sì gbà á láìpa ẹnikẹ́ni. Àgbá inú rẹ̀ ló níye lórí jù fún wọn. Henry Knox, ọ̀gá ológun Amẹ́ríkà, fi màlúù àti ẹṣin wọ́ 59 nínú àgbá ibẹ̀ àti ti Crown Point, odi mìíràn nítòsí, lórí yìnyín lọ sí Boston, àwọn àgbá wọ̀nyí sì wà lára ohun tó lé Gẹ̀ẹ́sì kúrò nílùú náà ní oṣù Kẹta ọdún 1776.

Láti ìgbà náà, odi tún di ibodè, àwọn ará Amẹ́ríkà sì ń retí Gẹ̀ẹ́sì láti àríwá. Àbùkù ńlá kan wà tí wọ́n mọ̀: òkè Mount Defiance, tó ga ju odi lọ, tí àgbá orí rẹ̀ sì lè dé inú odi. Òkè tí ẹnjiníà Abercromby gùn nìyẹn. Ní ọdún 1776, John Trumbull, ọ̀kan nínú àwọn ọ̀gá ológun wọn, fi hàn wọ́n pé èèyàn lè gun òkè náà, ṣùgbọ́n wọn kò fi ọmọ ogun síbẹ̀. Arthur St. Clair, ọ̀gágun Amẹ́ríkà tó ń ṣọ́ odi, kò ní ju bíi 3,000 ọmọ ogun lọ, agbègbè tí wọ́n ní kó ṣọ́ sì ń fẹ́ ìlọ́po mẹ́ta wọn. Ní oṣù Keje ọdún 1777, àwọn ọmọ ogun John Burgoyne, ọ̀gágun Gẹ̀ẹ́sì, la ọ̀nà gun òkè náà, wọ́n sì fa àgbá lọ sókè. Nígbà tí St. Clair rí i, ó kó àwọn èèyàn rẹ̀ jáde lóru. Ìbínú pọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Wọ́n gbé e lọ síwájú ilé ẹjọ́ ológun, ilé ẹjọ́ sì dá a láre ní ọdún 1778. Ẹjọ́ náà tọ́: bí ó bá dúró, gbogbo wọn ni Gẹ̀ẹ́sì ì bá kó.

Ìṣẹ́gun yẹn kò pẹ́ lọ́wọ́ Burgoyne. Bí ó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ sí gúúsù, ó ń fi ọmọ ogun sílẹ̀ láti ṣọ́ odi àti ọ̀nà oúnjẹ tó ń gùn sí i lẹ́yìn rẹ̀. Ní ọjọ́ 17 oṣù Kẹwàá, ó túúbá ní Saratoga. Nígbà tí ó di oṣù Kọkànlá, Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ilé inú odi, wọ́n padà sí Kánádà. Àwọn àgbẹ̀ àdúgbò wá ń kó òkúta rẹ̀ lọ fi kọ́lé, títí ìdílé Pell fi ra ilẹ̀ náà ní ọdún 1820. Àwọn ọmọ ìdílé yìí ló bẹ̀rẹ̀ sí í tún un kọ́, wọ́n sì ṣí i fún àwọn àlejò ní ọdún 1909.